Ọkọ̀ Pupa Kékeré

Ọkọ̀ òkun kan wà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa. Orúkọ rẹ̀ ni Explorer. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹni tó ń lọ wo ibi tí kò dé rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí ní orúkọ mìíràn fún un. Ọkọ̀ pupa kékeré ni wọ́n ń pè é.

Ó kéré lóòótọ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mẹ́tà 73. Ká ní wọ́n gbé e sí orí pápá tí àwọn àgbà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ìdí rẹ̀ bá wà ní góòlù kan, imú rẹ̀ kò ní dé góòlù kejì. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé èrò káàkiri òkun lóde òní máa ń gùn ju mẹ́tà 300 lọ. Òmíràn nínú wọn lè gbé ju 5000 ènìyàn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìlú kékeré kan lè wọ inú rẹ̀ tán! Explorer kò lè gbé ju nǹkan bí 100 èrò lọ, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń fi ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tó ń lọ.

Ilẹ̀ funfun

Ẹ wo àwòrán ayé tó wà lára ògiri kíláàsì yín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí ilẹ̀ funfun kan. Àǹtátíkà ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé Faransé yín, Antarctique ni wọ́n ń kọ.

Ilẹ̀ náà tóbi ju Yúróòpù lọ. Yìnyín ló bo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní ibì kan, yìnyín náà nípọn ju kìlómẹ́tà 4 lọ. Ẹ ronú ọ̀nà tí àgbàlagbà yóò fi odidi wákàtí kan rìn. Ẹ wá gbé ọ̀nà náà dúró ṣánṣán bí òpó. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ibẹ̀ ṣe nípọn.

Kò sí ìlú níbẹ̀. Kò sí ọba, kò sí ọjà, kò sí oko. Kò sí igi kankan. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń lọ gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn a ṣe iṣẹ́ wọn, wọn a sì padà sílé. Ní ọdún 1959, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan nípa ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ogun kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ta ni onílé, nígbà náà? Ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ni.

Ẹ̀yìn pẹ́ńgúìnì dúdú, àyà rẹ̀ funfun. Ó ní apá, ṣùgbọ́n kò lè fò. Lórí ilẹ̀, ó ń rìn bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sínú omi, ẹja gan-an ní láti sá fún un. Irú pẹ́ńgúìnì kan wà tó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Bí òkúta kò bá tó, yóò yọ́ lọ jí ti aládùúgbò rẹ̀. Bí òun náà bá sì yíjú sẹ́yìn, aládùúgbò yóò wá jí tirẹ̀. Báyìí ni òkúta kan náà ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì ní gbogbo ọjọ́.

Ìgbà òtútù ibẹ̀ burú gan-an. Òkun tó yí ilẹ̀ náà ká máa ń dì, ọkọ̀ kò sì lè kọjá. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, oòrùn máa ń pẹ́ lójú ọ̀run. Yìnyín orí òkun a fọ́, ọ̀nà a sì là. Ní àkókò yìí ni pẹ́ńgúìnì ń yé ẹyin. Ní àkókò yìí náà ni àlejò ń dé.

Ọkùnrin tó kọ́ ọkọ̀ náà

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lars-Eric Lindblad. Swídìn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa mú àwọn ènìyàn lọ wo ibi jíjìn. Ní ọdún 1966, ó yá ọkọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Àjẹ́ńtínà, ó sì kó èrò lọ sí Àǹtátíkà. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ta ló ń fi owó ara rẹ̀ lọ jìyà òtútù? Ṣùgbọ́n Lindblad gbàgbọ́ pé ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀ yóò fẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀.

Àwọn tó lọ padà wálé, inú wọn sì dùn. Lindblad wá ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tuntun fún òun. Orílẹ̀-èdè Fínlándì ni wọ́n ti kàn án. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ nípa yìnyín dáadáa, nítorí òkun tiwọn náà máa ń dì. Wọ́n fi irin tó le ṣe ara ọkọ̀ náà nítorí yìnyín. Wọ́n kùn ún ní pupa. Ó bọ́ sójú omi ní ọdún 1969.

Ọkọ̀ náà rìn gan-an! Ní ọdún 1972, ó gun orí àpáta ní Àǹtátíkà. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Ṣílè ló wá kó àwọn èrò rẹ̀. Wọ́n fà á kúrò, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún ń lọ. Ní ọdún 1984, ó gba ọ̀nà omi tó wà láàárín yìnyín ní àríwá Kánádà. Kò sí ọkọ̀ èrò bíi tirẹ̀ tó gba ọ̀nà náà kọjá rí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò pa ọ̀dà pupa rẹ̀ dà.

Àlejò ní ilé pẹ́ńgúìnì

Ìlú kan wà ní ìsàlẹ̀ Àjẹ́ńtínà tó ń jẹ́ Ushuaia. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí Àǹtátíkà ti ń gbéra. Láti ibẹ̀, òkun fífẹ̀ kan ló kù. Ó tó kìlómẹ́tà 800 ní fífẹ̀. Ọkọ̀ máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ó tó là á já. Ìgbì ibẹ̀ ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì le. Àwo a máa yọ̀ lórí tábìlì. Àwọn èrò a máa bì. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí pẹ́ńgúìnì, kí ó kọ́kọ́ rí ìgbì náà.

Nígbà tí wọ́n bá dé, ọkọ̀ kò lè sún mọ́ èbúté, nítorí kò sí èbúté. Ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí ojú omi. Ènìyàn bíi mẹ́wàá ń jókòó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì máa wa èrò lọ sí etí omi. Ibí yìí ni ọkọ̀ kékeré ti ju ọkọ̀ ńlá lọ. Ó lè wọ ibi tóóró tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Àwọn èrò rẹ̀ sì kéré, gbogbo wọn lè rí ààyè sọ̀ kalẹ̀.

Òfin wà fún wọn. Èrò tó wà lórí ilẹ̀ ní ibì kan kò gbọdọ̀ ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó bá gbé ju 500 èrò lọ kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó kúrò nínú ọkọ̀, wọn a fọ bàtà wọn mọ́ tónítóní. Wọn a yẹ àpò aṣọ wọn wò, kí èso koríko ilẹ̀ mìíràn má baà bá wọn dé ibẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ jẹun lórí ilẹ̀ náà. Wọn kò gbọdọ̀ mú òkúta kankan lọ, bó ti wù kí ó kéré tó. Pẹ́ńgúìnì nìkan ló láṣẹ láti jí òkúta níbẹ̀.

Wọn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ pẹ́ńgúìnì ju mẹ́tà 5 lọ. Ṣùgbọ́n pẹ́ńgúìnì kò mọ òfin náà! Òun fúnra rẹ̀ a máa rìn bọ̀. Kò bẹ̀rù ènìyàn, nítorí lórí ilẹ̀, kò sí ẹranko tó ń pa á jẹ bó bá ti dàgbà. Yóò dúró níwájú àlejò, yóò wo bàtà rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àlejò náà yóò dúró jẹ́ẹ́. Pẹ́ńgúìnì ni onílé.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn ọkọ̀ yìí ń ṣe. Ní ọdún 1991, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí àwọn yòókù mọ ibi tó ń lọ. Èyí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ méjì pàdé níbì kan náà, kí èrò má baà pọ̀ jù fún àwọn ẹyẹ. Ó tún ní ìwúlò mìíràn. Ní òkun yẹn, kò sí panápaná, ilé ìwòsàn ńlá sì jìnnà réré. Bí ọkọ̀ kan bá wọ wàhálà, ọkọ̀ mìíràn ni aládùúgbò rẹ̀.

Yìnyín tí ojú kò rí

Ẹ ra yìnyín díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù. Ẹ ju ẹyọ kan sínú ife omi. Ó léfòó, àbí? Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ife. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yọ sókè omi. Èyí tó pọ̀ jù wà nísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òkè yìnyín tó ń léfòó lórí òkun. Ká ní ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Nǹkan bí ọ̀nà kan ni ojú rí. Mẹ́sàn-án yòókù wà lábẹ́ omi. Yìnyín òkun tuntun máa ń fọ́ bí ọkọ̀ bá kọlù ú. Ṣùgbọ́n yìnyín tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ kó tó já sínú òkun le bí òkúta. Ọ̀gá ọkọ̀ ní láti mọ èyí tó wà níwájú òun, lọ́sàn-án àti lóru.

Òru ọjọ́ 23

Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2007, Explorer kúrò ní Ushuaia. Ènìyàn 154 ló wà nínú rẹ̀. Èrò jẹ́ 91. Àwọn tó ń tọ́ èrò sọ́nà jẹ́ 9. Àwọn atukọ̀ àti òṣìṣẹ́ jẹ́ 54. Wọ́n ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá. Wọ́n rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n rí ẹyẹ, wọ́n ya fọ́tò. Ọkọ̀ ọdún 1969 yìí ti di àgbàlagbà.

Nígbà tí ọjọ́ 23 bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀gànjọ́ òru, ọkọ̀ náà ń la àárín yìnyín kọjá nítòsí àwọn erékùṣù Shetland ti Gúúsù. Ó kọlu yìnyín líle. Yìnyín náà dá ihò sí ara irin. Láìpẹ́, èrò kan rí omi nínú yàrá rẹ̀.

Fèrè dún. Gbogbo èrò jí. Wọ́n wọ aṣọ òtútù, wọ́n sì wọ ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó lórí omi. Wọ́n pé jọ sí yàrá ńlá tí wọ́n ti máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ àti yìnyín. Wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí fèrè bá dún. Nísàlẹ̀, àwọn atukọ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi jáde. Omi ń wọlé ju bí wọ́n ṣe ń fà á jáde lọ. Iná kú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀gbẹ́.

Ọ̀gá ọkọ̀ ti pe àwọn ẹlòmíràn lórí rédíò. Nígbà tó yá, ó pàṣẹ pé kí èrò kúrò nínú ọkọ̀.

Ẹ ronú bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Òkun dúdú, yìnyín funfun, òtútù tó ń ta ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Omi ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá bọ́ sínú rẹ̀, láìpẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jábọ́. Wọ́n sọ àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kalẹ̀. Ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní ìbòrí. Òtútù lókè, òtútù nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn kan nínú wọn kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ rọ́bà tó ń gbé èrò lọ wo pẹ́ńgúìnì ló wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Wọ́n dúró. Wọ́n fara mọ́ra wọn. Òru ibẹ̀ kì í pẹ́ ní oṣù kọkànlá, nítorí náà ojúmọ́ tètè mọ́. Wọ́n rí ọkọ̀ wọn tó dẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Afẹ́fẹ́ kò le lọ́jọ́ náà, ìgbì kò sì ga. Ká ní ìjì ń jà ni, ìtàn yìí ìbá yàtọ̀. Wákàtí kan kọjá. Èkejì kọjá. Ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tí wọ́n fi wà lórí omi.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ yọ lókèèrè. Nordnorge ni, ọkọ̀ èrò ti àwọn ará Nọ́wè. Òun náà ń gbé èrò lọ wo Àǹtátíkà ni. Bó ti gbọ́ ìpè, ó yà kúrò lọ́nà tirẹ̀, ó sì sáré bọ̀. Ọkọ̀ kejì tó ń jẹ́ Endeavour náà wá. Nordnorge kó gbogbo wọn sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 154 ló kúrò nínú Explorer. Ènìyàn 154 ló wọ inú Nordnorge. Kò sí ẹnì kankan tó ṣòfò.

Nordnorge gbé wọn lọ sí erékùṣù King George, níbi tí àwọn ará Ṣílè àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kọ́ ilé sí fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun Ṣílè gbé wọn lọ sí ìlú Punta Arenas.

Explorer kò bá wọn lọ. Ó dẹ̀gbẹ́ títí ó fi dùbúlẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó parí, ó wọlẹ̀ sínú òkun. Ó di ọkọ̀ èrò àkọ́kọ́ tó rì sí òkun Àǹtátíkà lẹ́nu iṣẹ́ ìrìn-àjò yìí. Díẹ̀ nínú epo rẹ̀ jò sójú omi. Àwọn tó fẹ́ràn ilẹ̀ pẹ́ńgúìnì kò lè yọ̀ sí ìyẹn.

Ohun tó tẹ̀lé e

Àsíá tó wà lára Explorer jẹ́ ti Làìbéríà, orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ló ń lo àsíá náà, bí kò tilẹ̀ dé Làìbéríà rí. Nítorí náà, ìjọba Làìbéríà ló wádìí bí ọkọ̀ náà ṣe rì. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì kọ ìwé. Ìwé náà sọ pé ọ̀gá ọkọ̀ kò mọ bí yìnyín náà ti le tó.

Àwọn òfin tuntun dé lẹ́yìn náà. Láti ọdún 2011, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbé epo tó nípọn bí ọ̀dà dé òkun Àǹtátíkà mọ́, nítorí irú epo bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lójú omi àti lára ẹyẹ. Láti ọdún 2017, òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń lọ sí ìpẹ̀kun ayé, ní gúúsù àti ní àríwá. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà wọn gbọ́dọ̀ ní ìbòrí. Ẹni tó bá ti jókòó wákàtí mẹ́rin nínú èyí tí kò ní ìbòrí mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ kékeré ṣì ń lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbéra, fèrè a dún. Gbogbo èrò a wọ ẹ̀wù ìléfòó, wọn a sì tò. Àwọn mìíràn a máa rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀wù náà tóbi, ó sì ń bo ẹnu wọn. Àwọn mìíràn a máa ya fọ́tò. Òṣìṣẹ́ kan yóò dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń pe orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé.